Baba Kú, Ẹ Gbé Ọ̀dà Dé

Bí ẹ bá gba títì Ọba Adéṣidà kọjá ní Àkúrẹ́, tàbí tí ẹ yà sí Yábà ní ìlú Oǹdó, tí ẹ rí ilé àtijọ́ kan tó ń dán gbinrin láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ọ̀dà ti bó lára wọn, ẹ má wulẹ̀ béèrè ẹni tó là. Ẹ béèrè ẹni tó kú.

Lọ́dọ̀ tiwa, ikú baba ni àsìkò tó tọ́ láti kun ilé. Ó ti pẹ́ tí baba ti ń wo ògiri tó ń bó bí awọ ejò. Ó sọ̀rọ̀ títí, wọ́n ní kó ṣe sùúrù, owó ò tíì sí. Ọjọ́ tí ẹ̀mí bọ́, owó yọjú. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹgbẹ́ WhatsApp ti dúró: Ìgbìmọ̀ Ìsìnkú Baba. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Houston ni alága, àbúrò tó wà ní Peckham ni akọ̀wé. Ẹni tó wà nílé, tó ń gbé baba lọ gbé baba bọ̀ láti ọsibítù, òun ni wọ́n ń rán níṣẹ́.

Kí ni ìgbìmọ̀ ń jiyàn lé lórí? Wọ́n ti fẹnu kò lórí pósí. Wọ́n ti fẹnu kò lórí màlúù. Àwọ̀ ilé ni wàhálà. Aṣọ ẹbí àwọn ọmọ, àwọ̀ wáìnì ni. Ògiri gbọ́dọ̀ bá a mu nínú fọ́tò. Sàréè tí wọ́n máa gbẹ́ síwájú ilé, táìsì aláwọ̀ eérú ni; ògiri gbọ́dọ̀ bá ìyẹn náà mu. Alága fi àwòrán àwọ̀ kan ránṣẹ́ láti Houston, ó ní èyí gan-an lòun ń wí. Lórí fóònù Peckham, àwọ̀ náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Lórí ti Àkúrẹ́, ó ti fẹ́ di àwọ̀ ewé. Fóònù mẹ́ta, àwọ̀ mẹ́ta, òkú kan.

Ẹ jẹ́ kí n ran ìgbìmọ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tó ń po àwọ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta ọ̀dà gidi. Ó ń fi ìwọ̀n kán èròjà àwọ̀ sínú ọ̀dà funfun, wọ́n á sì kọ nọ́ńbà àpòpọ̀ rẹ̀ sára ọmọrí rọ́bà. Bí ọ̀dà bá tán, nọ́ńbà yẹn lẹ máa mú padà lọ. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ní owó ẹ̀rọ ti wọ inú owó kánópì. Nítorí náà, pẹ́ńtà ra ọ̀dà funfun àti tíúbù àwọ̀, ó fi igi rò ó, ojú ni òṣùwọ̀n. Rọ́bà àkọ́kọ́ tán sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kejì, rọ́bà kejì ò sì jọ ọ́ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ po ọ̀dà, kó da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú àgbá kan kó tó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́. Kó kun díẹ̀ sára ògiri, kó jẹ́ kó gbẹ, torí ọ̀dà olómi sábà máa ń ṣókùnkùn sí i bó bá gbẹ. Kó wò ó láàárọ̀, kó wò ó lọ́sàn-án, kó tan iná wò ó lálẹ́. Ta ló ráyè ìyẹn? Àìsùn òkú ku ọ̀la!

Níkẹyìn, wọ́n yan funfun. Funfun, lórí ilẹ̀ pupa Àkúrẹ́ àti Oǹdó, níbi tí òjò ẹnu òrùlé ti ń ta ẹrẹ̀ sára ògiri! Àwọn tó kọ́lé ṣáájú wa mọ ilẹ̀ yìí. Ìdí nìyẹn tí ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ fi jẹ́ pupa tàbí àwọ̀ kòkó títí dé orúnkún. Ìgbìmọ̀ ní ìyẹn ò ní dùn ún wò nínú fídíò. Ẹ̀yìn ilé ńkọ́? Fídíò ò débẹ̀. Bí ọ̀dà ṣe gbẹ báyìí, wọ́n po sítáàṣì, wọ́n lẹ pósítà baba mọ́ ọn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí baba máa fara kan ọ̀dà tuntun.

Kì í ṣe ọ̀dà ni mo ń bá jà. Ní Tiébélé, lórílẹ̀-èdè Burkina Faso, àwọn obìnrin Kassena máa ń fi pupa, funfun àti dúdú tí wọ́n rí nínú ilẹ̀ ya ara ògiri, wọ́n á sì fi omi èèpo èso igi irú tí wọ́n sè pa á lára kó má baà tètè ṣí. Lọ́dún 2024, UNESCO ka ààfin ibẹ̀ mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé. Wọ́n ń tún un kùn nítorí pé èèyàn ń gbé inú rẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀ tiwa níbí, àwọn obìnrin la mọ̀ mọ́ kíkun ojúbọ Òrìṣà Ìkirè, wọn kì í sì í dúró kí òrìṣà kú ná.

Ẹ óò ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Òótọ́ ni. Àwọn àgbà kan náà ló ní òkú ò mọ iye tí a ra àgọ̀. Ẹni tí kò mọ iye àgọ̀, ṣé iye rọ́bà ọ̀dà ni yóò wá mọ̀?

Ẹ̀yin tí baba yín ṣì wà ní Òkè-Àró ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó, ẹ pè é lónìí, kí ẹ bi í pé: "Baba, àwọ̀ wo lẹ fẹ́?" Bí mo bá mọ àwọn baba wa dáadáa, kò ní dárúkọ àwọ̀ kankan. Á ní òrùlé ló ń jò. Ẹ má bá a jiyàn, torí ọ̀dà kì í dúró lára ògiri tó ń mumi. Ẹ tún òrùlé ṣe, ẹ jẹ́ kí ògiri gbẹ, kí ẹ wá jẹ́ kó yan èyí tó wù ú, ìbáà jẹ́ àwọ̀ tí kò bá aṣọ ẹbí ẹnikẹ́ni mu.