Olùdíje Tí Kò Lẹ́gbẹ́: Àpò Ta Ló Ń Ná?

Ẹ sún síwájú díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì yẹn kí n ráyè jókòó. Ẹ má sọ pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́ o, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n tó ń gbé yàrá iwájú, ẹni tí kò tíì dá owó iná oṣù tó kọjá, ní òun fẹ́ jáde dupò, òun ò sì ní bá ẹgbẹ́ òṣèlú kankan ṣe. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ò gbà bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ fà yín kalẹ̀." Wọ́n ní ti Amẹ́ríkà làwọn ń wò. Amẹ́ríkà kẹ̀! Ṣé wọ́n mọ ohun tójú àwọn tó dá dúró níbẹ̀ rí ni?

Ẹ mú Ross Perot, ọmọ Texarkana ní ìpínlẹ̀ Texas. Èèyàn kúkúrú báyìí, etí rẹ̀ sì fẹ̀ débi pé òun fúnra rẹ̀ máa ń fi dápàárá. Ní 1962 ló fi 1,000 dọ́là dá iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní EDS sílẹ̀. Wọ́n ní inú owó tí Margot ìyàwó rẹ̀, tíṣà ni, tọ́jú pamọ́ ló ti wá. Ẹ̀yin ọkùnrin agboolé yìí, ṣé ẹ ń gbọ́? Owó àjọ ìyàwó tiyín, ẹmu lẹ fi ń mu. Nígbà tó di 1984, General Motors ra iléeṣẹ́ náà ní bílíọ̀nù méjì ààbọ̀ dọ́là.

Nínú oṣù Kejì 1992, ó jókòó síwájú Larry King, olóòtú ètò orí tẹlifíṣàn, ó ní bí àwọn èèyàn bá lè bá òun to orúkọ òun sínú ìwé ìbò ní gbogbo ìpínlẹ̀ 50, òun á díje fún ipò ààrẹ. Ni wọ́n bá tú jáde, wọ́n ń gba ìbuwọ́lùwé kiri. Nígbà tó di oṣù Keje, bàbá ní òun ò ṣe mọ́! Lóṣù Kẹwàá, ó tún padà dé, ó ní ṣebí àwọn kan ló fẹ́ da ìgbéyàwó ọmọbìnrin òun rú lòun fi sá. Ẹ̀rí dà? Kò rí ọ̀kankan mú jáde. Bí wọ́n bá wá ń pe èmi ní olófòófó!

Ẹ jẹ́ n padà sórí owó, nítorí owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Nígbà yẹn, òfin wọn ò gbà kí ẹnì kan fún olùdíje ju 1,000 dọ́là lọ fún ìdìbò kan. Ṣùgbọ́n èyí tí olùdíje bá yọ nínú àpò ara rẹ̀ ńkọ́? Kóòtù tó ga jùlọ ti sọ ní 1976 pé kò sí gbèdéke, bí kò bá ṣáà ti gba owó ìjọba. Bush àti Clinton tó ń bá a díje gba tìjọba, ó lé ní mílíọ̀nù 55 dọ́là fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Perot ò gba kọ́bọ̀. Mílíọ̀nù tó lé ní 60 ló ná nínú owó ara rẹ̀. Ó ra odidi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí tẹlifíṣàn, ó gbé páálí tí wọ́n ya iye gbèsè ìlú sí dání, ó ń fi ọ̀pá tọ́ka sí i bíi tíṣà ìṣirò. Àwọn èèyàn sì wò ó! Ó rí nǹkan bí ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò, ṣùgbọ́n kò mú ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo.

Ẹni tí mo fẹ́ràn nínú àwọn tó dá dúró yìí ni John Anderson, aṣòfin láti Illinois tó dá dúró ní 1980, tó dojú kọ Reagan àti Carter. Òun ò lówó. Ìjọba ń fún àwọn ẹgbẹ́ ńlá méjèèjì lówó kí wọ́n tó díje, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí òun lọ díje ná: bó bá rí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò, àwọn á fún un ní tirẹ̀ lẹ́yìn ìdìbò. Ó wá owó yá lọ sí báǹkì, wọ́n ní bí kò bá wá rí ìdá 5 ńkọ́? Wọn ò yá a. Ló bá yíjú sí àwọn alátìlẹyìn rẹ̀, wọ́n ń yá a ní díẹ̀díẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọkàn akin ni! Ẹ̀gbọ́n yàrá iwájú, ta ni yóò yá wọn ní igba náírà?

Anderson rí ìdá 6 àti díẹ̀. Ìjọba san lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là fún un, ó fi san gbèsè.

Ẹ má sì rò pé inú ẹgbẹ́ ló rọrùn. Ní 2022, mílíọ̀nù 100 náírà ni APC ń ta fọ́ọ̀mù ààrẹ nílé wa níbí, PDP ń ta tiwọn ní mílíọ̀nù 40. Ìyẹn kí èèyàn tó tẹ pósítà kan ṣoṣo o.

Ó rẹ Perot pàápàá. Ní 1995, ó dá ẹgbẹ́ Reform sílẹ̀, nígbà tó sì tún díje ní 1996, ó gba mílíọ̀nù 29 dọ́là lọ́wọ́ ìjọba. Ìdá 8 péré ló rí nínú ìbò.