Ọmọ Tí A Kọ́ Lọ́fẹ̀ẹ́

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ má bá wọn wí. Wọn ò tíì bá alákọ̀wé pàdé nígbà náà. Ọmọ tí a kọ́ náà ń tà á, òun ló tún mọ ìwé ọjà náà kọ.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní, 1955, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ kan, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Láti ìgbà tí bàbá tirẹ̀ ti kú ní 1920, iṣẹ́ oríṣiríṣi ló fi wá owó ilé-ìwé. Ní 1954, nǹkan bí 457,000 ọmọ ló wà nílé-ìwé. Nígbà tó fi di 1955, wọ́n ti lé ní 800,000.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ní Ṣágámù tó jẹ ọ̀fẹ́ yẹn yó. Obì ni ìyá wọn ń tà; kò mọ A yàtọ̀ sí àkàbà. Tí ẹ bá dárúkọ ilé-ìwé ọ̀fẹ́ létí Ẹ̀gbọ́n lónìí, wọ́n á yínmú: "Ohun tí a kò jìyà fún kì í tọ́jọ́." Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ta ni kò jìyà? Owó orí tí wọ́n fi kún ti tẹ́lẹ̀ torí ètò yìí bí aráàlú nínú débi pé ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, fìdí rẹmi ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìbò ilé aṣòfin àpapọ̀ ní 1954. Ìyá oníobì ti jìyà tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́ tán tí ẹ ní ó korò.

Ẹ̀gbọ́n ti dá ilé-ìwé tiwọn sílẹ̀ báyìí: fúláàtì oníyàrá mẹ́ta tí wọn ò tíì rẹ́, tí pátákó rẹ̀ ń jẹ́ "International". Ọmọ tó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà á san owó ìtanràn. Níparí ọdún, àwọn ọmọ ọdún márùn-ún á gboyè. Gáùn á máa wọ́lẹ̀, fìlà onígun mẹ́rin á bo ojú, ìyá á rán aṣọ ẹbí. Kí wọ́n tó ya fọ́tò tán, ọ̀jọ̀gbọ́n ti tọ̀ sára.

Ní òdìkejì títì ni ti ìjọba wà. Òfin ọdún 2004 ní kí ẹnikẹ́ni má gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ òbí títí ọmọ á fi jáde JSS 3. Wọn ò kúkú gbà á. Owó PTA ni wọ́n ń gbà, àti owó ìdánwò, owó lẹ́sìnnì, ìgbálẹ̀ méjì, kí ọmọ sì gbé àga tirẹ̀ wá. Ní Kẹ́ńyà náà, tí wọ́n sọ ti wọn di ọ̀fẹ́ ní 2003, ọmọ ya wọlé, àga ò tó. Ọ̀fẹ́ kọ́ ló jẹ̀bi àìtó àga. Ẹni tó yẹ kó ra àga ni kò ní ọmọ kankan níbẹ̀.

Níbi ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ilé-ìwé ìjọba náà, Ẹ̀gbọ́n dá a lábàá pé kí ìjọba kúkú fa ilé-ìwé ọ̀hún lé àwọn lọ́wọ́. Ẹnìkan béèrè pé èló ni ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò máa san. Ẹ̀gbọ́n ní ìyẹn ò le, kí wọ́n kọ́kọ́ pe sọ̀fíyọ̀ wá wọn ilẹ̀.