Ìjàpá Onífíìmù

Àlọ́ o!
Àlọ̀!
Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo, nígbà tó di onífíìmù.

Nínú fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́, iṣu ìlú pòórá nínú àká. Ajá ọlọ́pàá bi Ọ̀bọ arúgbó pé, "Bàbá, ta ló kó iṣu?" Bàbá wojú ọ̀run. "Òjò ọdún yìí mà dára o. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Kábíyèsí ń dán."

Gbogbo òǹwòran bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá wo fíìmù Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1999, tó gbọ́ bí Bàbá Ọ̀pálábá inú rẹ̀ ṣe ń fòwe sọ̀rọ̀ láàfin, kò ní bi mí léèrè ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Kìnnìún ọba nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ránṣẹ́ pe Ehoro, ọ̀mọ̀wé ààfin. Ehoro gbé iṣẹ́ Paul Grice, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, jáde, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní 1975. Ó ka òfin mẹ́rin ìtàkùrọ̀sọ: sọ ìwọ̀n tó tó, má purọ́, má yà bàrá, jẹ́ kó yéni. Ló bá pa ìwé dé. Kò dé ibi tí Grice ti ní bí èèyàn bá rú òfin wọ̀nyí ní gbangba, tí olùgbọ́ sì rí i pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni, olùgbọ́ yóò wá ohun tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀mọ̀wé ààfin kì í kàwé kọjá ibi tí ọba ń fẹ́.

Kìnnìún pàṣẹ: fíìmù tó bá rú òfin mẹ́rin yìí, iná ni.

Yánníbo ń sunkún owó tí wọ́n yá. Ìjàpá dá orin:

Ọba ní n má pòwe mọ́ o,
Tẹ̀rẹ́ńtẹ̀!
Ó ní n là á mọ́lẹ̀ gbangba,
Tẹ̀rẹ́ńtẹ̀!
Ṣé kí n wí, àbí kí n dákẹ́?
Tẹ̀rẹ́ńtẹ̀!

Ó tún fíìmù ṣe. Ìlú pé, ọba jókòó níwájú. Ajá béèrè, Ọ̀bọ dáhùn: "Kìnnìún ni. Igba iṣu. Òru ló kó o, ẹ̀yìn ààfin ló sin èèpo rẹ̀ sí."

Ó tó ìwọ̀n, òótọ́ ni, kò yà bàrá, ó sì yé ọmọ ọwọ́. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Àgbò kọ́kọ́ dìde, ó ń wá ọkọ́.

Kìnnìún rọra súnmọ́ Ìjàpá. "Ìjàpá, ṣé Yánníbo fẹ́ràn iyán?"

Ìjàpá dọ̀bálẹ̀. "Kábíyèsí, òfin yín ní ká má yà bàrá."