Róòsì Inú Pòtétò

Àwọn àgbà ní ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún ebè iṣu, tó pè é ní igba, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, yóò wá jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Ìyẹn nígbà tí irọ́ ò tíì ṣe é jẹ. Fóònù ti dé. Irọ́ ti di oúnjẹ, ó sì ń mú ni sanra.

Bí 14 oṣù kejì, ọjọ́ olólùfẹ́, bá ti kọjá, tí òdòdó tí bàbá ilé rà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, ẹ lọ dúró ti àwọn tó ń ta pòtétò ní ọjà Mile 12 l’Ékòó.

“Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ dín in ni àbí ẹ fẹ́ sè é?”

“Igi róòsì ni mo fẹ́ kì bọ̀ ọ́. Mo rí i nínú fídíò.”

“Háà! Ẹ kúkú mú èyí tó ti ń hù yìí, mo ti fẹ́ dà á nù tẹ́lẹ̀.”

Àǹtí á gbé e délé ní Ìkòsì, á fi oyin pa ìdí igi, á kì í bọ pòtétò, á rì í mọ́lẹ̀. Nínú fídíò, ọ̀sẹ̀ kan ti tó kí òdòdó là.

Igi róòsì ń hù o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ẹ̀ka tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tanná tán ni kí ẹ gé lábẹ́ oríkèé, kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Ẹ já ewé rẹ̀ ku méjì lókè, ẹ gún un sí yanrìn tó rin, ẹ fi ike omi tí ẹ gé nídìí dé e, ẹ gbé e síbòòji. Ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 8, ẹ má sì máa fà á tu wò. Ta ló fẹ́ wo fídíò ọ̀sẹ̀ 8?

Àmọ́ róòsì tó ti gba inú fìríìjì àti bàálù kọjá, bí àwọn tó ń ti Naivasha ní Kẹ́ńyà lọ sókè òkun, sábà máa ń ti rẹ̀ kó tó dọ́wọ́ ẹni. Òtútù òkè bíi ti Jos ló sì bá a lára mu. Ìpínlẹ̀ Plateau tí Jos wà náà ni ọ̀pọ̀ pòtétò wa ti ń wá, àmọ́ pòtétò ò rántí di òtútù náà mọ́ ẹrù.

Tó bá yá, igi á dúdú, pòtétò á hu ewé tirẹ̀. Àǹtí á ya fọ́tò: “Róòsì mi ti hù o!” Ọgọ́rùn-ún èèyàn á tẹ ọkàn pupa lé e, ẹnì kan ò ní béèrè irú ewé tó jẹ́. Ewúro tí ìyá ọkọ rẹ̀ fi igi lásán gún sẹ́yìn ilé, tí wọ́n ń já sọ́bẹ̀ lójoojúmọ́, kò wọ fọ́tò rí.

Ẹni tó ṣe fídíò ọ̀hún ti gbowó ìpolówó, ó ti gbé òmíràn jáde. Àlùbọ́sà ló kàn.