Ẹ Bá Mi Wá Wọ́ṣà!

Ẹ̀yin aráàlú, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Bí èèyàn bá ní òun fẹ́ fi ọwọ́ ara òun pààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ òun, gbogbo ohun tó wọ́n ló máa rí rà. Ọ́ìlì wà: ojúlówó wà, ayédèrú wà, èyí tí wọ́n tún rọ sínú gálọ́ọ̀nù ojúlówó náà wà. Fílítà wà, jáàkì wà. Ohun tí kò sí ni wọ́ṣà pẹlẹbẹ kan tó ń wà lábẹ́ nọ́ọ̀tì ìdí ẹ́ńjìnnì, tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò. Nínú gbogbo ohun tí iṣẹ́ náà ń béèrè, òun ni owó rẹ̀ kéré jù!

Honda Accord 2004 ni mò ń wà, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní End of Discussion. Líta 4.2 ni ọ́ìlì tó ń mu, tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì 2.4. Sípánà 17 la fi ń tú nọ́ọ̀tì rẹ̀. Álúmíníọ́mù ni wọ́ṣà rẹ̀, ihò àárín rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 14. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ní bí a bá ti tú nọ́ọ̀tì yẹn, wọ́ṣà tuntun ni ká fi sí i. Wọn ò sọ pé “bó bá wù yín.”

Ìdí rẹ̀ ò sì le. Álúmíníọ́mù rọ̀. Bí a bá ń fún nọ́ọ̀tì, wọ́ṣà á tẹ̀, á sì dí gbogbo ibi tí ojú irin ò bá ti dán. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń ṣe irú oore yẹn. Bó bá ti tẹ̀ tán, ó ti le, kò ní tẹrí ba fún ẹnikẹ́ni mọ́. Bí a bá dá a padà, ọ́ìlì lè máa kán. Bí a bá ní dandan, kò gbọdọ̀ kán, tí a wá ń fún nọ́ọ̀tì láfúnjù, abọ́ tó gba ọ́ìlì dúró nísàlẹ̀, álúmíníọ́mù lòun náà. Ojú ibi tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀ á jẹ, nọ́ọ̀tì á wá máa yí lófo. Agbára Nm 39 ni ìwé ọkọ̀ náà ní ká fi fún un mọ. Àwọn mẹkáníìkì wa ní ká fún un títí a ó fi ké “hẹ́ẹ̀n!”

Mo wọ ọjà Géètì n'Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń tú odidi ọkọ̀ tà. Mo béèrè wọ́ṣà lọ́wọ́ òǹtajà kan. “Wọ́ṣà kẹ̀, Bàbá? Ẹ kúkú ra nọ́ọ̀tì, wọ́ṣà wà lára ẹ̀.” Ó mú nọ́ọ̀tì jáde: tòkunbọ̀! Wọ́ṣà orí rẹ̀ ti tẹ̀ láti òkè òkun wá. Ẹnìkejì fún mi ní èyí tí wọ́n fi ń kan páànù sórí ilé. Ẹ̀kẹta ò tilẹ̀ dá mi lóhùn, ó ń wò mí bóyá orí mi pé.

Mẹkáníìkì ní tirẹ̀ ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń pààrọ̀ ìyẹn? Ẹ jẹ́ n bá yín fi gọ́ọ̀mù sí i.” Gọ́ọ̀mù! Bí gọ́ọ̀mù bá já wọnú ọ́ìlì, tó lọ dí asẹ́, ta ni yóò bá mi ra ẹ́ńjìnnì? Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbà mí nímọ̀ràn pé ká wé tépù àwọn púlọ́ńbà mọ́ ọn. Ẹnì kan tó kàn ń kọjá lọ ní ká gé tíúbù kẹ̀kẹ́.

Èmi ò kúkú dédé máa dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀. Mẹkáníìkì tí mo gbé e fún tẹ́lẹ̀ ló dá ògbólógbòó wọ́ṣà padà síbẹ̀. Láti ìgbà náà ni onílé mi ti ń pè mí sípàdé lórí ẹ̀kán ọ́ìlì tó wà lórí ìńtálọ́ọ̀kì rẹ̀. Onílé kan náà ni o, tó jẹ́ pé bí omi ò bá yọ nínú ilé rẹ̀, a kì í rí i! Ìyàwó mi náà ò jẹ́ n gbádùn: “Bàbá Ìbejì, ẹ ò kúkú gbé e padà fún mẹkáníìkì?” Mẹkáníìkì wo?

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Àwọn tó ń ṣe BMW mọ èyí: inú páálí fílítà wọn ni wọ́ṣà bàbà máa ń wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta fílítà Honda fún wa, ẹ kó wọ́ṣà náà wá. Ẹ gbé owó rẹ̀ lé owó fílítà, kí ẹ tún jẹ èrè sí i. Mi ò ní bá yín ná an.

Ẹ̀yin onímọ́tò ẹgbẹ́ mi, wọ́ṣà ni kí ẹ kọ́kọ́ máa béèrè, kí ẹ tó dárúkọ ọ́ìlì. Ẹni tó bá ní kò sí, ẹ jẹ́ kó máa fi ọ́ìlì rẹ̀ para.