Ìlédìí Onínọ́ńbà

Ẹ bá mi pa ilẹ̀kùn yẹn dé díẹ̀, kí ohùn mi má baà dé ọ̀dọ̀ Ìyá Rónkẹ́. Ẹ̀rù rẹ̀ kọ́ ló ń bà mí o. Kọ́ńgò gàrí mi mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà òjò, mi ò sì fẹ́ kó rí ìjà tó máa fi jẹ ẹ́ gbé.

Ṣé ẹ mọ̀ pé Ìyá Rónkẹ́ ti ríṣẹ́? Iṣẹ́ ẹnu. Àwọn kan wà nígboro Ìbàdàn yìí tí wọ́n ń pè ní ará risáàṣì. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọṣẹ àti ohun mímu ló ń gbéṣẹ́ fún wọn. Wọ́n á kó èèyàn bíi mẹ́jọ jọ sí yàrá kan, ẹ ó jókòó yí tábìlì ká, mọ́ọ̀tì tútù á wà níbẹ̀, míìtì páì á wà níbẹ̀. Wọ́n á ní kí ẹ máa sọ bí ọṣẹ ṣe ń hó sí yín lọ́wọ́, òórùn rẹ̀ ńkọ́, àwọ̀ páálí rẹ̀ ńkọ́. Wákàtí méjì gbáko. Tí ẹ bá ṣe tán, ẹ ó fọwọ́ sí ìwé, wọ́n á na ẹ́ńfílóòpù sí yín. Èmi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí láti 1998, ta ló fún mi ní kọ́bọ̀ rí?

Àmọ́ wọn kì í ṣàdédé mú èèyàn. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló máa ń wá, ó gbé tábílẹ́ẹ̀tì dání, ìbéèrè inú ẹ̀ le bíi ti àwọn tó ń fúnni ní físà. Ti àkọ́kọ́ gan-an ló burú jù: "Ṣé ẹnikẹ́ni nínú ilé yín ń ṣiṣẹ́ ìpolówó, ìwé ìròyìn, rédíò, tàbí risáàṣì?" Ẹ sì mọ Ìyá Ìbejì, ẹnu rẹ̀ kì í gba irọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọkọ òun ló ń bá wọn lẹ pátákó ìpolówó ojú títì. Ọmọ náà ní, "Ẹ ṣé, mà," ó pa tábílẹ́ẹ̀tì. Ó parí nìyẹn. Wọ́n ní ẹni tó bá sún mọ́ ìdí ìpolówó kì í sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń rajà mọ́, pé ó sì lè gbé àṣírí ọjà tuntun lọ fún ilé iṣẹ́ kejì. Wọ́n wá bi Ìyá Rónkẹ́ bóyá ó ti ṣe irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà. Ẹni tó ti ìpàdé mọ́ọ̀tì dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun! "Èmi kẹ̀? Mi ò tiẹ̀ gbọ́ irú ẹ̀ rí." Láàárín oṣù kan péré, ó ti di ẹni tó ń mu tíì lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ó ti di alágbàfọ̀, ó ti di ẹni tó fẹ́ ra fíríìjì.

Èmi náà lọ lẹ́ẹ̀kan, ti ohun mímu. Kọ́ọ̀pù kéékèèké mẹ́ta ni wọ́n tò síwájú mi, kò sórúkọ lára wọn, nọ́ńbà ni: 418, 736, 952. Méjì jẹ́ ọ̀kan náà, ọ̀kan yàtọ̀, kí n mú èyí tó yàtọ̀. Kí n fi omi ṣanu, kí n jẹ bisikíìtì kan tí kò dùn tí kò korò, kí n tó bọ́ sórí kọ́ọ̀pù tó kàn. Wọ́n ní tí orúkọ bá wà lára kọ́ọ̀pù, orúkọ lèèyàn máa tọ́ wò. Mo tọ́ ọ wò títí, mo ní 736. Ọmọ náà kọ ọ́ sílẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Mo ní, "Ṣé mo gbà á?" Ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Títí di àárọ̀ yìí, mi ò mọ̀ bóyá mo gbà á! Mo máa ń jí lóru rò ó. Díńgí ńlá kan sì wà lára ògiri níbẹ̀. Mo lọ síwájú ẹ̀, mo tún gèlè mi wé, mo yọ ẹran tó há sí mi léyín, mo yanu wò ó dé ọ̀nà ọ̀fun. Ọjọ́ kejì ni Ìyá Rónkẹ́ tó sọ fún mi pé àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ló jókòó sẹ́yìn díńgí yẹn, wọ́n ń rí wa, àwa ò rí wọn.

Tísà tó wà ní yàrá ẹ̀yìn ní ká má gbẹ́kẹ̀ lé títọ́ wò. Ó ní lọ́dún 1985, ilé iṣẹ́ Coca-Cola ní Amẹ́ríkà fún nǹkan bí èèyàn 200,000 ní tuntun àti ti àtijọ́ tọ́ wò, àwọn tó pọ̀ jù sì ní tuntun ló dùn. Wọ́n pa ti àtijọ́ tì. Ariwo ta! Ọjọ́ 79 péré, wọ́n kéde pé ti àtijọ́ ń padà bọ̀. Mo ní, "Tísà, ṣé wọ́n gbowó padà lọ́wọ́ àwọn tó tọ́ ọ wò?" Ìwé ẹ̀ ò débẹ̀.

Ti Bọ̀dá Kàmọ́rù tiẹ̀ tún burú. Orí WhatsApp ló ti rí iṣẹ́ ẹnu tiẹ̀: kó kọ́kọ́ san 5,000 náírà owó fọ́ọ̀mù. Ó san án! Wọ́n tún ní kó ka nọ́ńbà tí báǹkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ fáwọn. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyàwó ẹ̀ tó já fóònù gbà. Risáàṣì gidi kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tó wá sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ n padà sórí ọ̀rọ̀ mi kí iná tó dé, tí gbogbo yín á sáré lọ lọṣọ.

Oṣù tó kọjá, ọmọ onítábílẹ́ẹ̀tì tún dé. Ìyá ọmọ tó wà láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan ló ń wá, ọ̀rọ̀ ìlédìí, èyí tí gbogbo wa ń pè ní pámpásì. Àbíkẹ́yìn Ìyá Rónkẹ́ ti ń fá irùngbọ̀n o. Ó ní, "Mo lọ́mọ. Oṣù mẹ́jọ." Àdéhùn òun àti Ìyá Ìbejì ni pé Ìyá Ìbejì á kó ìlédìí, òun á mú ẹ́ńfílóòpù. Ẹ wá wò ó o. Ẹni tí ọmọ méjì ń tọ̀ sí lára tọ̀sán-tòru, tó mọ èyí tó ń jò àti èyí tó ń ta ọmọ nídìí, wọ́n ní kò yẹ. Ẹni tó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń pọnmọ ló ń gbowó.

Inú ọ̀rá funfun ni wọ́n kó ìlédìí náà wá, 307 fún ọ̀sẹ̀ kìíní, 591 fún ọ̀sẹ̀ kejì. Wọ́n fún un níwèé kékeré kan: aago mélòó lẹ wọ̀ ọ́ fọ́mọ, aago mélòó lẹ bọ́ ọ, ṣé ó jò lóru, ṣé ara ọmọ sú. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé, ojú mi báyìí ni Ìyá Rónkẹ́ fi báírò kan ṣoṣo kọ ọ́ tán, títí dé ọjọ́ kẹrìnlá. Ó ti mọ̀ pé ọmọ máa yàgbẹ́ láago mẹ́rin ààbọ̀ ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀!

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n wá wo ọmọ, Táyé ló pọ̀n. "Kí lorúkọ ẹ̀, mà?" "Àyìnlá." Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbà kejì, ara Táyé ń gbóná, ìyá ẹ̀ ò jẹ́ kó jáde. Ìyá Rónkẹ́ ní kò burú, ó pọn Kẹ́hìndé, ṣebí ojú kan náà ni wọ́n ní. Mo wà níbẹ̀, mò ń ṣa ẹ̀wà, mi ò dá sí i. Ọmọ onítábílẹ́ẹ̀tì ní, "Mà, ẹ jẹ́ n wo bó ṣe ń fún un nítan." Ó tú u.

Ẹ̀yin èèyàn mi! Adìẹ pàápàá dákẹ́. Àyìnlá ti di obìnrin.

Ọmọ náà wo ọmọ, ó wo tábílẹ́ẹ̀tì, ó tún ọmọ wò. Ìyá Rónkẹ́ gbé itọ́ mì, ó ní, "Ó ń dàgbà ni."

Ọmọ náà ò rẹ́rìn-ín. Ó rọra so ìlédìí padà, ó yíjú sí mi. "Mà, ó jọ pé ẹ mọ ilé yìí dáadáa. Ṣé ẹ lè sọ òótọ́ fún mi?" Láti 1998! Mo gbé ẹ̀wà sílẹ̀, mo nuwọ́, mo ní, "Ọmọ mi, èló ló wà nínú ẹ́ńfílóòpù ẹ̀?" Ó ní òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ṣí tábílẹ́ẹ̀tì. "Ṣé ẹnikẹ́ni nínú ilé yín ń ṣiṣẹ́ ìpolówó, ìwé ìròyìn, rédíò…"

Kí n tó lanu, Ìyá Ìbejì ti pariwo látinú yàrá: "Rédíò? Ìyá fúnra wọn ni rédíò!"