Ẹnjiníà Ó-Kù-Díẹ̀

Bí ẹ bá sun Ugbónlá mọ́jú, kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì, ohùn méjì lẹ ó gbọ́. Àkọ́kọ́ ni ti òkun tí kì í sùn. Èkejì ni ti Ẹnjiníà Ó-Kù-Díẹ̀: kọ́-kọ́-kọ́, kọ́-kọ́, kọ́… ó dákẹ́. Súpánà á bọ́ lu irin, ọmọ iṣẹ́ á sì gba èébú fún ohun tí kò ṣe.

Kò sẹ́ni tó ń pè é ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Ẹ bi í pé ọkọ̀ ńkọ́, á nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, á ní: “Ó ti parí. Ó kù díẹ̀.” Ọdún kẹta rèé tó ti parí tó sì kù díẹ̀. Irú rẹ̀ wà ní Igbókọ̀dá, ó wà ní Mushin, mo sì fura pé ó wà lẹ́yìnkùlé ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á yìí, ṣùgbọ́n tiwa ni mo mọ̀.

Pijó 504 ni ara ọkọ̀ náà, èyí tó ní ẹ̀yìn gbọọrọ fún ẹrù, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná láti ọdún 1975. Iyọ̀ inú atẹ́gùn òkun ti jẹ ilẹ̀kùn rẹ̀ débi pé èèyàn lè gba ojú ihò bọ ará ìta lọ́wọ́ láìṣí fèrèsé. Ẹnjíìnì bẹntiróòlù tó bá a wáyé ti kú tipẹ́. Nígbà tí Ààrẹ Tinubu kéde lọ́jọ́ 29 oṣù Èbìbí 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí bẹntiróòlù fò sókè, Ẹnjiníà pe àwa aládùúgbò jọ. Ó ní òun ti rí ojútùú: ẹnjíìnì tirakítọ̀ lòun máa gbé sí i, kó máa mu díísù. A rán an létí pé díísù wọ́n ju bẹntiróòlù lọ. Ó wò wá bí olùkọ́ ṣe ń wo ọmọ tí kò mọ ABD. “Ẹ̀yin ń ro owó. Èmi ń ro ẹnjíìnì.”

Perkins onísìlíńdà mẹ́ta ni, lítà méjì àbọ̀, tí wọ́n yọ lára Massey Ferguson 135 kan tó ti di àlòkù irin lápá Òkìtìpupa. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wá láti Igbókọ̀dá. Ọkùnrin mẹ́fà ló sọ̀ ọ́. Ọ̀kan nínú wọn ṣì ń di ìdí mú dòní. Irin pẹlẹbẹ tó fi so ẹnjíìnì mọ́ gíábọ́ọ̀sì, ara ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ló ti gé e. Bí ẹ bá wọ abẹ́ ọkọ̀, ẹ ó ṣì rí i kà níbẹ̀ pé A KÌ Í TÀ LÁWÌN.

Ohun kan wà tí Ẹnjiníà kì í fẹ́ ká dárúkọ, ìyẹn ni eré sísá. Tirakítọ̀ lágbára, kò ní ìkánjú. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti há a mọ́, kó má yí ju nǹkan bí ìgbà 2,250 lọ ní ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ ti Pijó ń lọ sí 5,000. Kí ọkọ̀ yìí tó lè kọjá 60 kìlómítà ní wákàtí kan, àfi kó máa já bọ̀ láti orí òkè, ilẹ̀ tiwa kò sì ní òkè. Ibo ló tiẹ̀ fẹ́ sáré lọ? Láti etí omi dé ibi tí àwọn obìnrin ti ń yan ẹja, àkàrà márùn-ún ni. Mo ti jẹ ẹ́ wò.

Òótọ́ kò ṣeé fi pamọ́, ọkùnrin yìí mọ iṣẹ́. Ẹnjíìnì díísù kò ní púlọ́ọ̀gì tí í ṣẹ́ná. Atẹ́gùn ni písítìnì ń fún pọ̀ títí á fi gbóná janjan, nọ́súlù á tu epo sí i, iná á sọ. Ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn bá ṣìnà wọ inú páìpù epo, ó parí: pọ́ǹpù á máa fún òfìfo. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ wá wo Ẹnjiníà. Á kúnlẹ̀. Á dẹ nọ́ọ̀tì kan díẹ̀, bí ẹni ń nu ipin lójú ọmọ tuntun. Ọmọ iṣẹ́ á máa fi ìka tẹ pọ́ǹpù kékeré ẹ̀gbẹ́ ẹnjíìnì. Ìfófòó ló máa kọ́kọ́ yọ, á máa ho ṣììṣìì bí ẹmu àárọ̀. “Tẹ̀ ẹ́.” Ìfófòó á dín. “Tẹ̀ ẹ́ sí i.” Epo gidi á wá yọ, ó mọ́ lóló, á ṣàn gba orí àtàǹpàkò rẹ̀, òun náà á sì rọra dé nọ́ọ̀tì pa, ojú rẹ̀ á ti dì. Mo ti rí wòlíì lórí àdúrà tí ojú rẹ̀ kò balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Èéfín tún ni odù tó ń kì. Bó bá dúdú, epo ti pọ̀ ju atẹ́gùn lọ. Bó bá ní àwọ̀ aró, ó ń mu ọ́ìlì. Bó bá funfun, epo kò jóná tán, tàbí kí tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì ti jó, kí omi máa gba ibẹ̀ wọlé. Tirẹ̀ máa ń yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. “Ara rẹ̀ ń bọ̀ sípò ni.” Apẹja tó gbé Yamaha rẹ̀ wá pé kó bá òun wo púlọ́ọ̀gì lásán, wákàtí kan gbáko ni yóò fi jókòó gbọ́ ìtàn Perkins kó tó rí ẹni dá a lóhùn.

Ẹ má sì dán an wò pé kó ta ọkọ̀ yìí. Á gbé Ayétòrò kò yín lójú: ṣé kì í ṣe Ìlàjẹ bíi tiwa ni àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tó tẹ ibẹ̀ dó lọ́dún 1947, tí wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi fúnra wọn, tí wọ́n fi ẹ̀rọ tiwọn tan iná? A kì í dá a lóhùn pé àwọn yẹn máa ń parí ohun tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. (Òkun ló wá ń jẹ ìlú wọn báyìí. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.)

Ìyá Ìbejì, ìyàwó Ẹnjiníà, ni mo ń ṣàánú. Ibì kan ni ọkọ rẹ̀ ti gbọ́ pé níbi ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Paris lọ́dún 1900, epo ẹ̀pà ni wọ́n fi gbé ẹ̀rọ Rudolf Diesel, ará Jámánì, ṣiṣẹ́, ó sì ṣiṣẹ́. Ìtàn gidi ni. Ìtàn gidi náà ni pé nínú oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ 1913, Diesel wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí ìlú Òyìnbó, ilẹ̀ mọ́ wọn kò rí i mọ́, inú òkun ni wọ́n ti padà rí òkú rẹ̀. Apá yẹn kò kan Ẹnjiníà. Epo ẹ̀pà kò sí nílé, epo pupa wà: kẹ́ẹ̀gì kan tí Ìyá Ìbejì tọ́jú fún ọjà Igbókọ̀dá. Ó gbé e dà sínú táńkì, ó sì bu díísù díẹ̀ là á.

Ọkọ̀ náà rìn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Òórùn àkàrà ń gba ẹ̀yìn sáláńsà yọ, gbogbo ọmọdé àdúgbò tò tẹ̀ lé e dé etí òkun, ajá méjì sì wà níbẹ̀. Oru dé, ọyẹ́ fẹ́. Ilẹ̀ mọ́, epo ti dì gbagidi nínú fíítà bí èyí tí wọ́n ń bù ní síbí. Ìyá Ìbejì jáde, ó kúnlẹ̀ kí i dáadáa.

“Bàbá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́. Epo mi dà?”

“Sáyẹ́ǹsì ni.”

“Sáyẹ́ǹsì náà lẹ ó jẹ lálẹ́.”

Òun náà ló sì jẹ.

Síbẹ̀, ọkọ̀ yìí ti gba ìyìn rí. Ọjọ́ Sátidé kan, ọkọ̀ apẹja ńlá kan kẹ́ sínú yanrìn, omi ń fà sẹ́yìn, ogún ọkùnrin tì í títí, kò mira. Ẹnjiníà fi ẹ̀yìn Pijó wọ́ wá, ó so okùn, ó fi sí gíà kìíní. Ohun tí tirakítọ̀ mọ̀ ọ́n ṣe láyé nìyẹn. Perkins kùn hùn-ún, táyà walẹ̀ díẹ̀, ọkọ̀ sì ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ pè. Wọ́n gbé Ẹnjiníà lé èjìká. Fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń sítáàtì tó ń dáhùn. Ó kó yìnyín, ó kó àwọ̀n, ó kó agbọ̀n ẹja. Èéfín kò yọ. Àwọn ọmọdé kò tẹ̀ lé e mọ́, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ wò. Àwa tí a máa ń jókòó sórí táyà àlòkù láti gbà á nímọ̀ràn wá ibòmíì jókòó sí. Mo kọjá lọ́jọ́ kẹta, mo bá a lórí àpótí, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó mọ́.

Ní ìdájí ọjọ́ kẹrin, mo gbọ́ súpánà. Mo dìde lọ wò ó. Ó ti ṣí ìdérí ẹnjíìnì, nọ́súlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí àpò sìmẹ́ńtì, àwọn èèyàn sì ti ń pé jọ.

“Ẹnjiníà, kí ló ṣe é?”

“Kò ṣe nǹkan kan,” ó ní, ó na ọwọ́ gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́. “Ohun tó ń kọ mí lóminú gan-an nìyẹn.”